Aṣọ Pupa Tí Mo Gbé Lọ sí Kàbà

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Ìbàdàn ni àwọn ènìyàn ti ń bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni bóyá ọ̀nà dára, bóyá iná wà, bóyá ẹ̀rù bà mí. Mo ti dáhùn gbogbo ìyẹn ní gbólóhùn méjì méjì. Èyí tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni ti ọmọ kan tí mo fún ní òdo, tó sì jẹ́ pé èmi gan-an ni òdo náà tọ́ sí. Mi ò ní fi bò mọ́. Ẹlòmíràn ṣì máa lọ kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ lẹ́yìn mi, ó sì yẹ kó mọ̀.

Iṣẹ́ mi kò ṣòroó ṣàlàyé. Mo máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù. Kì í ṣe láti mọ ẹni tó fẹ́ ẹni àti ẹni tó pa ẹni, bí kò ṣe láti rí ohun tí ẹni tó ya fíìmù náà fi pamọ́ sójú gbangba. Ìlẹ̀kùn tí wọn ò tì. Omi tó ń kán nígbà tí tọkọtaya ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bàtà ọmọdé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé tí kò sí ọmọdé. Àmì ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ kékeré tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ló rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Kàbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mú orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tí a ó gbà sọ́dọ̀ ní Ìbàdàn fún odidi ọdún kan láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú ilé àti oúnjẹ. Ààyè kan ni. Ọmọ mọ́kànlélógún ló wà ní kíláàsì mi, gbogbo wọn ló sì ń wo ojú mi.

OKUN

Àwọn àpáta ńláńlá ni mo kọ́kọ́ rí, dúdú, wọ́n jókòó sẹ́yìn ìlú. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní Kàbà ni Ìyé Ṣọlá, opó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n fi mí wọ̀ sí ilé rẹ̀. Ìyé ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀. Ó jáde wá sẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Okun o!"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Okun náà ni kó o fi dáhùn. Ibo lo ti wá, tí o ò mọ okun?"

Okun ni wọ́n fi ń kí ẹni tó dé, ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó rẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ohun tí àwa ń wá oríṣiríṣi kú fún, okun kan ló ń ṣe é. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ohun tí mo rò ni pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni mò ń lọ, pé kí ni mo fẹ́ ṣe àjèjì sí. Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Ìyé Ṣọlá àti aládùúgbò rẹ̀ bá jókòó tí wọ́n ń sọ èdè wọn láàárín ara wọn, nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ẹyọ kan ni mò ń gbá mú, Haúsá sì máa ń yọjú níbẹ̀ nígbà mìíràn. Bí wọ́n bá rí i pé mo ti sọnù, wọ́n á bọ́ sí Yorùbá ilé-ìwé fún mi, wọ́n á sì máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Obìnrin tí mò ń ra ata lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè mí ní ará Ọ̀yọ́. Mo ní Ìbàdàn ni mí. Ó ní ọ̀kan náà ni. Mo fẹ́ bá a jà, mo tún rántí pé títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, èmi náà rò pé ọ̀kan náà ni Kàbà àti Ìyàgbà tó múlé tì í.

Èyí tó kọ́kọ́ gún mi lára ni pé ọmọ ọdún méje ń sọ pé "o" fún mi. "Ṣé o ti jí?" Ní ilé wa, etí ọmọ náà á gbọ́ ọ. Mo ráhùn fún Ìyé Ṣọlá. Ó ní ṣé mi ò rí i pé ọmọ náà wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́ ni? Mi ò rí i lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ ni mò ń gbọ́, mi ò wo orúnkún rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n ti fura sí ara mi.

Ní ti oúnjẹ, mi ò ní irọ́ kankan láti pa. Iyán ni. Ìyé Ṣọlá a gún un nírọ̀lẹ́, a bu ẹ̀gúsí lé e, a sì jókòó tì mí. Bí mo bá parí, á tún bu òmíràn sí i láìbéèrè. Bí mo bá ní mo ti yó, á ní ebi ló jẹ ti àkọ́kọ́, pé èyí ni àlejò máa jẹ. Láàárọ̀, kúnú ọkà bàbà ni, tí wọ́n fi ata ilẹ̀ sí. Mo sanra. Gbogbo ẹni tó rí mi nílé ló ti sọ ọ́.

FÍÌMÙ MI

Fíìmù tí mo fi máa ń kọ́ni, èmi fúnra mi ni mo yà á, nílé kan ní Ìbàdàn níhìn-ín. Kò gùn, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ń ti àjò bọ̀ lẹ́yìn ọdún gígùn, ó gbé báàgì. Ó dé iwájú ilé bàbá rẹ̀, ó sì rí aṣọ pupa kan tí wọ́n fi bo iwájú ilé náà látòkè délẹ̀. Ó dúró. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo aṣọ náà títí, ó mú báàgì rẹ̀, ó yí padà, ó sì ń lọ. Ó parí.

Pupa ni ewu, pupa ni ẹ̀jẹ̀: ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ra aṣọ náà tí mo gun àkàbà gbé e kọ́. Mi ò ní parọ́, fíìmù yẹn ti gbé orúkọ mi dé ibi tó dáa. Níbi gbogbo tí mo bá ti fi hàn, bí aṣọ náà bá yọ, yàrá á pa lọ́lọ́.

Ní Kàbà, kò pa lọ́lọ́. Bí aṣọ náà ṣe yọ, àwọn ọmọ mẹ́rin kan tó jókòó sápá ọ̀tún tẹ orí wọn ba díẹ̀, wọ́n sì sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Okun, bàbá."

Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo dá fíìmù dúró. Mo ní a kì í kí ènìyàn inú fíìmù, pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣeré bọ́ síta. Wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Tọ́pẹ́.

Mo ti mọ Tọ́pẹ́ ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ọmọ abúlé kan ní agbègbè Bùnù ni, ó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Kàbà nítorí ilé-ìwé, ó sì wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé ló ti mú fóònù wá fi àwòrán bàbá bàbá rẹ̀ hàn mí, níbi tó jókòó sídìí òfì.

"Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, mà," ó ní. "Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù dáadáa kó tó di pé kò lè hun mọ́. Ti fóònù yìí ò mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá mú mi, òun ni mo máa kọ́kọ́ yà."

Mo ní àwòrán náà dára. Mo ní kí a parí ẹ̀kọ́ nípa àmì ná, pé a máa dé orí ìyẹn. Mo wo ọwọ́ bàbá náà, mo wo ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé. Mi ò wo ohun tó ń hun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo ṣe ìdánwò fún wọn, òun ni mo sì fẹ́ fi yan ẹni tí yóò lọ. Ìbéèrè tó tóbi jù níbẹ̀ ni: kí ni aṣọ pupa náà ń sọ, kí ló sì dé tí bàbá náà fi yí padà? Ogún ọmọ kọ ewu, wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n kọ ìbẹ̀rù, tó fi mọ́ àwọn mẹ́ta yòókù tó kí bàbá náà. Tọ́pẹ́ kọ báyìí: "Bàbá rẹ̀ ti kú. Àgbà tó níyì ni, wọ́n sì ti ṣe ẹ̀yẹ fún un. Ọmọ kì í gba abẹ́ aṣọ yẹn wọlé lọ́wọ́ òfo. Ó yí padà láti lọ mú ohun tó yẹ kí ọmọ mú wá. Ó ń padà bọ̀."

Mo fa igi pupa gba orí rẹ̀ kọjá, mo kọ òdo síbẹ̀.

Ó mú ìwé náà wá bá mi. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni mo ṣì?"

"Ewu ni aṣọ pupa. Mo ti kọ́ yín."

"Ṣùgbọ́n mà..."

"Tọ́pẹ́, èmi ni mo ya fíìmù yìí. Èmi ni mo gbé aṣọ náà kọ́. Ṣé ìwọ lo máa wá sọ ohun tí mo ní lọ́kàn fún mi?"

Ó wo ìwé náà, ó ká a sí méjì. "Rárá, mà."

Títí di ọjọ́ yẹn, òun ló ń gba ipò kìíní. Òdo náà gbé e lọ sí ipò kejì. Kúnlé ló wá gba ipò kìíní, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tó máa ń kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ padà fún mi bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, tó fi kan ibi tí mo ti wúkọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo fi orúkọ Kúnlé ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Mo sùn dáadáa.

BÙNÙ

Lọ́jọ́ Ajé, Tọ́pẹ́ kò wá. Alàgbà Báyọ̀, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, sọ fún mi pé bàbá bàbá rẹ̀ ló kú, pé òun máa lọ kí wọn lórúkọ ilé-ẹ̀kọ́, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun. Ọkùnrin tó dàgbà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yára, Tíṣà ló sì máa ń pè mí. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Mo bi í pé ṣé oko ló ti ń bọ̀ ni. Ó ní a kì í lọ irú ibi tí à ń lọ yìí lọ́wọ́ òfo. Mo gbọ́ ọ, kò wọ̀ mí létí.

Erùpẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà, igi kaṣú lọ́tùn-ún lósì. Bí a ṣe yà wọ abúlé, mo rí ilé kan lókèèrè, èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Láti orí òrùlé títí dé ilẹ̀, aṣọ pupa ló bo iwájú ilé náà.

Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe ṣe mí. Mo di apá Alàgbà mú lórí sítíárìn.

"Ẹ dúró! Ẹ má wọ ibẹ̀, Alàgbà. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká padà."

Ó tẹ bíréèkì. Àwọn tó wà níwájú ilé yí ojú sí wa.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Aṣọ yẹn."

Ó wo aṣọ náà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi bọ́ gíláàsì rẹ̀ kó lè nu ojú.

"Aṣọ ipò nìyẹn, Tíṣà. Bí àgbà tó níyì bá lọ ní Bùnù, wọ́n á gbé e kọ́, kí ẹni tó ń kọjá lè mọ irú ẹni tó lọ. Ilé tí wọn ò bá gbé e kọ́ sí ni kó o máa bá kẹ́dùn." Ó tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. "Wọ́n ti rí wa. Bí a bá yí padà báyìí, a ti dójú ti ilé yìí. Gbé ojú rẹ sókè dáadáa."

Ó wa ọkọ̀ lọ. Bàbá inú fíìmù mi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà yẹn, èmi tí mo ní mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Okun, okun, ni wọ́n fi pàdé wa. Pásítọ̀ wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri nítòsí aṣọ náà, ó ń mu kúnú, kò sì sí ẹni tó rò pé nǹkan kan ta ko nǹkan kan. Àwọn obìnrin gba iṣu lọ́wọ́ wa. Ìyá Tọ́pẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mò ń kọ́ ọmọ òun, ó ní Tọ́pẹ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bó bá wálé. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú mi sí.

Mo lọ dúró síwájú aṣọ náà. Ó nípọn, òwú rẹ̀ yọ síta bí irun àgùntàn. Láti òkè wálẹ̀, ó tẹ́jú, ó dán. Nísàlẹ̀, àwọn ìlà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

"Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún." Tọ́pẹ́ ni, ó gbé omi wá fún mi. "Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ni ibi tó wọ́ yẹn. Èyí tó ń hun nínú fóònù mi nìyẹn, mà."

Mo gba omi náà.

"Tọ́pẹ́, mo ṣì í. Ìdáhùn rẹ tọ̀nà."

"Òdo yẹn kọ́ ló dùn mí, mà. Ẹ ò bi mí pé ibo ni mo ti rí i."

Ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó sì lọ bu omi fún àwọn mìíràn. Ojú ti tì mí rí láyé mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti ọjọ́ yẹn.

ÌPÈ KAN

Mo pe ọ̀gá mi ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó dá orúkọ Kúnlé padà, kó fi ti Tọ́pẹ́ sí i. Ó ní ìwé ti dé ọwọ́ àwọn òbí Kúnlé, wọ́n ti dáhùn, wọ́n ti ń dúpẹ́. Ó ní kí ni ọmọ yẹn ṣe tí òun fi máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Kò ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀.

"Ó tún yà mí lẹ́nu," ó ní. "Ìwọ lo ya fíìmù yìí. Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni?"

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń bá obìnrin yìí ṣiṣẹ́, fíìmù yẹn ló sì tìtorí rẹ̀ gbà mí síṣẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó wá ní a máa wo ti Tọ́pẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, bí owó bá wà. Gbogbo ẹni tó ti bá a ṣiṣẹ́ mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí.

Nígbà tí Tọ́pẹ́ padà sí kíláàsì, mo pa òdo náà rẹ́ lójú gbogbo wọn, mo fún un ní máàkì tó yẹ ẹ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé ààyè ti lọ, pé èmi ni mo jẹ́ kó lọ. Kò sunkún. Mo ní kó bọ́ síwájú, kó kọ́ wa. Ó fi àwòrán mẹ́ta inú fóònù yẹn hàn wá, àwọn tí kò mọ́lẹ̀ yẹn. Mẹ́ta náà ló ní, kò sì lè sí òmíràn mọ́ láéláé. Kúnlé ló béèrè ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, mo sì rí i tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mò ń bọ̀ nílé, Ìyé Ṣọlá di iṣu méjì fún mi. Ó ní kí n má wọ ilé bàbá mi lọ́wọ́ òfo.

Mo ti dé báyìí. Kúnlé wà lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣe dáadáa. Tọ́pẹ́ máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń bi mí nípa ìmọ́lẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà, mo sì máa ń dá a lóhùn títí fóònù á fi gbóná létí mi. Mi ò ṣèlérí kankan fún un, nítorí mi ò ní èyí tí mo lè mú ṣẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi nìkan jókòó wo fíìmù mi. Aṣọ náà yọ, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Okun, bàbá." Ó mú báàgì rẹ̀, ó yí padà. Fún ọdún mẹ́jọ, ẹni tó ń sá ni mo ti ń rí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó, mò ń retí kó mú ohun tí ọmọ ń mú wá dé. Kò dé. Èmi ni mo ti pa kámẹ́rà lọ́jọ́ tí a yà á, kó tó padà.